Páàdì mẹ́ta lọ́dún kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Jíìpù mi ti ọdún 2003 ti jẹ páàdì bíréèkì mẹ́ta lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú nìkan, ríìmù rẹ̀ sì máa ń gbóná. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Páàdì kọ́ ló jẹ̀bi, bíréèkì ẹsẹ̀ yẹn kì í tú sílẹ̀ ni. Ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ wá fọwọ́ yí táyà. Bó bá le, ẹ tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń lé afẹ́fẹ́ jáde lára kálípà (irin tó di páàdì mú) díẹ̀. Tí ọ́ìlì bíréèkì bá tú jáde tí táyà sì yí, họ́ọ̀sì rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì náà wá sí kálípà ti dí nínú: ẹ pààrọ̀ tọ̀tún-tòsì. Bí kò bá yí, ìpẹtà ti mú pínì tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀ tàbí písítìnì tó ń ti páàdì. Gíríìsì sílíkóònù ni kí wọ́n fi sí pínì, torí gíríìsì béárì ń mú rọ́bà wú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wà á báyìí: bí ọ́ìlì bá hó, bíréèkì ò ní mú mọ́.