Ọmọ tó tú àpò ẹ̀gẹ́ ṣáájú ọjọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìtàn kúkúrú kan ni mò ń kọ. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó fẹ́ lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá rẹ̀ ní kò síbi tó ń lọ, gàrí ni wọ́n máa yan lọ́jọ́ náà. Ó pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ lójú ìwé kìíní, ó ní òmìnira lòun ń wá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó kà á ní ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà, àìgbọràn rẹ̀ kò sì wọ àwọn lára. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Ariwo yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ọmọ tó ti jágbe mọ́ ìyá rẹ̀ lójú ìwé kìíní, kí ló tún kù tó máa ṣe? Nírú ilé yẹn, "Ó dáa, mà" lọmọ máa wí, tinú rẹ̀ ni yóò ṣe.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn, gàrí, ni kí ẹ wò, inú rẹ̀ ni kí àìgbọràn ọmọ ti hàn. Bí wọ́n bá bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin ín, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á gbé òkúta lé e fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Inú àpò yẹn ló ti ń kan, kíkan yẹn gan-an ni oníbàárà gàrí Ìjẹ̀bú ń sanwó lé lórí. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Bí ìyá bá di àpò nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ọjọ́ kẹrin àpò bọ́ sí Ojúde Ọba gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá lọ ṣọdún ní Ìpẹ̀rù. Kí ọmọ gbé òkúta méjì kún èyí tó wà lórí àpò, kó tú u lóru ọjọ́ Iléyá, kó jọ̀ ọ́, kó yan án mọ́jú. Omi ṣeé fi òkúta lé jáde. Kíkan kò gba ìkánjú. Ẹ má jẹ́ kó yan án tutù o. Ẹ̀gẹ́ tí omi rẹ̀ kò gbẹ yóò ṣù nínú agbada, ìyá yóò sì ti fojú rí i kó tó tọ́ ọ wò. Kí gàrí náà funfun, kó gbẹ, kó máa dún lẹ́nu. Ẹnu ìyá ni kí àṣírí ti tú, nígbà tó bá bu díẹ̀ jẹ, tó béèrè pé: "Ọjọ́ wo lo tú àpò yìí?" Ẹ dúró síbẹ̀.

"Òmìnira" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ yìí. Ẹ fún un ní ohun tójú ń rí: ẹṣin kan ṣoṣo láti ilé Balógun kan, tó ń fẹsẹ̀ méjì dúró níwájú Awùjalẹ̀ bí ìbọn ṣe ń dún. Kí ìdí tí ìyá fi kọ̀ náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bíi kó jẹ́ pé owó gàrí yẹn ni wọ́n máa fi san owó ìdánwò ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ohùn àgbàlagbà tí wọ́n ní àwọn ń gbọ́, ẹ mú pẹ́ńsùlù, kí ẹ fàlà sí gbogbo gbólóhùn tí ọmọ náà kò lè sọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Òwe inú rẹ̀, ẹ kó o fún ìyá. "N kò mọ̀ nígbà náà pé..." gbọ́dọ̀ lọ, àyàfi tó bá jẹ́ pé ó ti dàgbà kó tó máa sọ ìtàn, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni ká ti mọ̀.

Nínú ìtàn tó bá jẹ́ 1,500 ọ̀rọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ ti kan àpò kó tó pé 400. Ìrìn ọkọ̀ gba ìlú Òru dé Ìjẹ̀bú-Òde kò ju gbólóhùn méjì lọ. Ní ti ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú, inú ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ló ti máa dùn jù. Bí ẹ bá fi sọ gbogbo ìtàn, òǹkàwé Ọ̀yọ́ á sá.