Ṣé kí n ju súpréè imú mi nù ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin olóòtú. Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn. Tẹ́nì kan bá ti fi lọ́fínńdà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, tàbí tí wọ́n bá ń dín ata nílé kejì, ó parí, imú mi á máa yún mi, màá máa sín, omi á máa dà, á tún wá dí pa. Dókítà ní iṣan ìmọ̀lára (nerve) inú imú mi ló ń ṣe àṣejù, ó kọ súpréè steroid fún mi. Mo fín in lẹ́ẹ̀kan, mi ò rí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi sì ní steroid ń ba kídìnrín jẹ́, kí n jù ú nù. Kí ni steroid fẹ́ bá iṣan ṣe gan-an?

ÌDÁHÙN: Ẹ má jù ú nù o, owó lẹ fi rà á! Àwọn iṣan tín-ín-rín kan wà nínú awọ imú, àwọn ló ń sọ fún ọpọlọ pé nǹkan ń ta tàbí ó ń yún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìròyìn nìkan ni wọ́n ń jẹ́, àwọn fúnra wọn tún máa ń tu kẹ́míkà síbẹ̀, ọ̀kan ń jẹ́ substance P, èkejì CGRP, àwọn yìí ló ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kómi máa jò lára ẹ̀, ibẹ̀ á wú, imú á dí. Capsaicin tó ń mú kí ata ta, iṣan yìí ló ń lọ bá tààrà.

Gbogbo èèyàn lata ń mú sín ṣá, kí ló dé tí tiyín fi pọ̀? Tí awọ imú bá ti wú tipẹ́, bóyá eruku ló fà á, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kó jọ síbẹ̀ á máa da nǹkan sára iṣan yẹn, á wá dà bí ẹni tínú ti ń bí tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn kí i ni, ó ti gbaná jẹ. Ibẹ̀ ni steroid ti wọlé. Kì í pa iṣan kú, inú sẹ́ẹ̀lì ló ń wọ̀ lọ, á dá àwọn jíìnì tó ń pàṣẹ wíwú dúró, àwọn sẹ́ẹ̀lì oníjàgídíjàgan yẹn á dín kù, iṣan náà á wá rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀kan ò ṣe tó, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 kẹ́ ẹ tó rí agbára ẹ̀, ojoojúmọ́ sì ni, ì báà dà, ì báà má dà.

Ti kídìnrín, ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n pé dexamethasone, steroid oníhóró táwọn kan ń gbé mì kí wọ́n lè sanra, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí súpréè yín bá jẹ́ fluticasone, èyí tó ń dénú ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀ ò tó 2 nínú 100. Imú lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ o, nítorí náà ẹ tẹ orí ba, ọwọ́ ọ̀tún fún ihò òsì, kẹ́nu ẹ̀ kọjú sọ́nà etí, kì í ṣe àárín imú, ẹ má sì fà á símú kíkankíkan. Ẹni tó ń lo ritonavir (oògùn HIV kan) tàbí tó ní glaucoma (àìsàn ojú kan) gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà.

Tó bá tó oṣù kan tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ padà lọ bá a, torí tó bá jẹ́ iṣan nìkan láìsí wíwú, steroid kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, súpréè ipratropium wà fún imú tó kàn ń dà ṣáá.