Ẹ kọ́kọ́ gbé fóònù tó wú yẹn jáde kúrò nínú yàrá

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ojúmọ́. Mo ka ìbéèrè yín lálẹ́ àná, oorun ò sì kùn mí mọ́. Ẹ ní bùlẹ́ńdà yín ti dákẹ́, fáànù onídùúró ń kùn ṣùgbọ́n kò yí, áyọ́ọ̀nù méjì ò gbóná mọ́, fóònù àtijọ́ mẹ́ta sì wà níbẹ̀ tí ẹ̀yìn ọ̀kan ti wú. Gbogbo rẹ̀ wà nínú Ghana-must-go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ tún wọn ṣe ni àbí kí ẹ tà wọ́n fún àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹ̀? Níbi tí àwọn ọmọ ń sùn sí?

Ní 2021, mo kó tèmi jọ bẹ́ẹ̀ náà. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, nǹkan oníná kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi: áyọ́ọ̀nù, fáànù, láńtà oníṣájì, páwà báǹkì méjì. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ká má da irú wọn mọ́ ìdọ̀tí mọ́, pé ìjọba á wá kó wọn. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n lọ kọ lẹ́tà wá. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wà ní mítìn. Lọ́jọ́ kẹta, arákùnrin kan tí kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀ ní kí n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, ọkọ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Gbogbo rẹ̀, ohun tó sọ nìyẹn. Kò bi mí bóyá bátìrì wà níbẹ̀. Mo kó wọn sínú páálí ńlá kan, mo gbé e sí kọ̀rọ̀ páàsééjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ọjọ́bọ̀ kọjá, òmíràn tún kọjá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹnikẹ́ni ò wá.

Òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta, ooru mú, iná ò sí. Mo gbọ́ ohun kan tó ń ṣe ṣíììì bí omi tó ta sínú òróró gbígbóná, ló bá dún pà! pà! Mo rò pé ológbò ló da nǹkan. Kí n tó dé páàsééjì, èéfín ti bo gbogbo ibẹ̀, ó ń ta mí lọ́fun bí ata. Àbíkẹ́yìn mi sùn sí pálọ̀, páálí yẹn sì wà láàárín èmi àti òun. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún fà á. Ike tó ti yọ́ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo da omi sí i, ó kú, mo ní ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ó tún ràn. Mo tún da omi, ó tún ràn. Páwà báǹkì tó ti wú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Inú bátìrì fúnra rẹ̀ ni ooru yẹn ti ń wá, tí ọ̀kan bá ti gbiná, á mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbóná títí tóun náà á fi bẹ́. Bàbá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló ru iyanrìn wá tá a fi bò ó, tá a sì fi ṣọ́bìrì kó o síta. Ilé ò jó. Kọ́tíìnì jó, ilẹ̀kùn ìdáná jó, ọwọ́ mi sì wà nínú báńdéèjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Aránṣọ tí kò lè di sísọ́ọ̀sì mú, lásìkò tí aṣọ Àjíǹde ń wọlé! Owó oníbàárà mọ́kànlá ni mo dá padà.

Nígbà tí mo gbé ọwọ́ dídì yẹn lọ sí ọ́fíìsì náà, ẹ mọ ohun tí wọ́n bi mí? "Màdáámù, ta ló ní kí ẹ kó bátìrì mọ́ ọn?"

Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ ọ́. Òfin wà o. Láti 2011 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó gbé e ka àwọn tó ń ṣe nǹkan oníná àti àwọn tó ń kó o wọlé lórí pé kí wọ́n mójú tó o nígbà tó bá kú. Láti 2018 ni EPRON náà ti wà, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí kíkó nǹkan oníná tó ti kú jọ gan-an. Ẹnu ọ̀nà ilé mi ni òfin ò dé. Nítorí náà, ẹ má dúró de ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ pe ibi tí wọ́n ti ń gbà á, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín gbé e lọ.

Fóònù tó wú yẹn, ẹ má ṣájì í mọ́, ẹ má tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè sọ̀. Mo ti rí ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ gún irú ẹ̀ pé kí afẹ́fẹ́ jáde. Ikú ló ń gún. Ẹ wá ìkòkò irin àtijọ́, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí i, kí ẹ rọra gbé e sínú rẹ̀ níta, níbi tí oòrùn ò dé. Bátìrì tó bá ṣeé yọ nínú àwọn yòókù, ẹ fi sẹ́lótéépù bo ẹnu rẹ̀ tó ń dán, kí wọ́n má fara kan ara wọn. Ẹ yọ síìmù àwọn yòókù, ẹ pa fọ́tò àti nọ́ńbà inú wọn rẹ́, ẹ mọ ìyẹn.

Fáànù tó ń kùn tí kò yí, tẹ́ ẹ bá fi igi tì í díẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kapásítọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, nǹkan kékeré tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n tí oníṣẹ́ iná bá ní kọ́ìlì ló jó, ìyẹn wáyà bàbà tí wọ́n wé sínú mọ́tò rẹ̀, pé òun máa wé òmíràn, ẹ jókòó tì í. Èyí tó wé fún mi, alumí ló fi rọ́pò bàbà, ó gba owó bàbà, ó tún kó bàbà mi lọ. Oṣù méjì ni fáànù yẹn lò. Ti áyọ́ọ̀nù, fíúsì kékeré inú rẹ̀ ló sábà máa ń já. Ẹni tó bá fẹ́ fi wáyà so ó pọ̀ tààrà láìfi fíúsì mìíràn sí i, ẹ gba áyọ́ọ̀nù yín lọ́wọ́ rẹ̀. Fíúsì yẹn ló ń gé iná kí ooru tó pọ̀ jù. Kẹ́tù iná náà bẹ́ẹ̀.

Èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ lè tà á fún àwọn ọlọ́mọlanke, mi ò ní kí ẹ má tà á. Wáyà rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gé sílẹ̀, torí àwọn kan ń dáná sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ Alábà kọjá mọ èéfín dúdú tí mò ń wí. Májèlé ni, òjé sì máa ń wà nínú rẹ̀, ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ bó ike ara wáyà náà. Bàbà tí iná ò kàn lówó lórí jù. Tẹ́ ẹ bá sì ní láńtà oníṣájì, òjé àti ásíìdì ló wà nínú bátìrì ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ má jẹ́ kí àwọn ìbejì fọ́ ọ ṣeré.

Háà, bùlẹ́ńdà. Ẹ dojú rẹ̀ dé, bọ́tìnnì kékeré kan máa ń wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn tó máa ń yọ síta tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún un. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Tí kò bá gbọ́, ó lè jẹ́ kábọ́ọ̀nù, ègé dúdú kékeré tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò rẹ̀, ló jẹ tán, wọ́n ń tà á.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan bùlẹ́ńdà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde báyìí kí ẹ gbé fóònù yẹn síta. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. Mò ń retí yín.