Ìdí tí Jammeh fi gbọ́, tí Tchiani ò sì gbọ́

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dára. O ní kí ló dé tí ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, fi halẹ̀ mọ́ Jammeh, ààrẹ Gáḿbíà tó fìdí rẹmi nínú ìbò tí kò sì fẹ́ gbé ipò sílẹ̀, lọ́dún 2017 tó sì kó ẹrù ẹ̀ lọ, tí wọ́n wá halẹ̀ mọ́ Tchiani, ọ̀gá sójà tó gbàjọba ní Niger, lọ́dún 2023 tí ìyẹn ò sì mira. Àwọn kan ti dá ọ lóhùn pé àìlówó ni, àwọn kan ní ojo ni wá. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Sójà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì sí Òṣogbo, mo bá ECOMOG, ọmọ ogun ECOWAS, ṣiṣẹ́ ní Monrovia, olú ìlú Liberia, nígbà ogun abẹ́lé wọn, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi dá sí i.

Ìbọn nìkan kì í dẹ́rù ba èèyàn, àfi kó dá a lójú pé o máa yìn ín. Nígbà tí ECOMOG kọ́kọ́ gúnlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jà ti gbọ́ pé ìjà ni wọ́n wá là. Kò pé oṣù kan. Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án, Prince Johnson, olórí ọ̀wọ́ ọlọ̀tẹ̀ kan, àtàwọn ọmọ ẹ̀ wọ olú ibùdó ECOMOG gan-an ní èbúté Freeport, wọ́n mú Doe tó jẹ́ Ààrẹ Liberia níbẹ̀ lọ, wọ́n sì pa á.

Èmi dé lẹ́yìn ìyẹn. Níbi tí a ti ń dá ọkọ̀ dúró, ọmọ kan wà nínú àwọn ọmọ Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ mìíràn, tó máa ń dé wíìgì obìnrin, tó ń wọ́ sílípáàsì nílẹ̀, AK ní èjìká. Á rìn títí dé iwájú àpò iyẹ̀pẹ̀ wa. Kì í wo ìbọn wa, ojú wa ló máa ń wò. Tó bá ti rí i pé ojú ọ̀gá la kọ́kọ́ ń wò ká tó gbé ọwọ́, á rẹ́rìn-ín, á sún igi tí wọ́n fi dí títì sọ́dọ̀ wa díẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, díẹ̀ sí i. Kò sí èyí tó tó yìnbọn sí nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ń lọ. Ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀gá mìíràn wá, ó ní ká gbé igi náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ká sì gbé ìbọn ńlá kalẹ̀ síbi tí ojú wọn ti máa tó o. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọmọ náà dé, ó wò ó, ó ṣí wíìgì, ó padà. Ọ̀gá tiẹ̀ ni kò padà: ní oṣù kẹwàá ọdún 1992 Taylor kọ lu Monrovia tọwọ́ tẹsẹ̀, ìgbà tí a fi mọ́tà àti bàálù ogun lé e ló tó gbà pé a ò ṣeré.

Ohun kan wà táwọn èèyàn kì í rò. Kí o ní kí ẹnì kan má débí rọrùn ju kí o ní kó dìde lórí àga tó ti jókòó lé. Ẹni tí o ní kó má wá, tí kò wá, lè sọ pé òun ò tiẹ̀ ní í lọ́kàn. Ẹni tí o ní kó dìde, gbogbo ayé ló ń wò ó bó ṣe ń dìde. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, o gbọ́dọ̀ fi agbára tó ju agbára lọ hàn án, kí o sì fi ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ fún un.

Jammeh rí méjèèjì. Senegal yí Gáḿbíà ká, òkun nìkan ló kù. Ọmọ ogun ti wà ní bodè, bàálù Nàìjíríà ti ń fò lókè, ọ̀gá àwọn ológun ẹ̀ fúnra ẹ̀, Ousman Badjie, ní àwọn ọmọ òun ò ní jà nítorí òṣèlú. Wọ́n búra fún Barrow, ẹni tó wọlé ìbò náà, ní Dakar ní Senegal lọ́jọ́ 19 oṣù kìíní, àwọn ọmọ ogun sì sọdá lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dúró, kí Ààrẹ Guinea àti ti Mauritania lè bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ 21 ó wọ bàálù lọ.

Ti Niger? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fún Tchiani kó fi dá ìjọba padà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀, ṣé ó máa pa arọ tó gbọ́n? Bazoum, ààrẹ tó gbàjọba lọ́wọ́ ẹ̀, wà ní àhámọ́ ẹ̀. Mali àti Burkina Faso ní ẹni tó bá kọ lu Niger ti kọ lu àwọn. Àwọn sẹ́nétọ̀ wa ní Abuja ní kí Tinubu má fi ogun ṣe é, gbogbo ayé sì gbọ́, Tchiani náà gbọ́. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ tí gbèdéke pé, sójà kan ò kúrò ní bárékè. A já iná wọn, a ti bodè, àwọn Hausa tó ń tajà ní Katsina àti Sókótó ló jìyà ẹ̀ jù, bí mo ṣe rí i. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ECOWAS fúnra wọn ló ṣí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n tì.

Lọ́jọ́ kan ní Oríta Ọláìyá, ẹnì kan ń pariwo pé bọ́ǹbù méjì la bá jù sí Niamey. Mo bi í pé ta ló máa wá dúró síbẹ̀ lẹ́yìn bọ́ǹbù, pẹ̀lú bí Boko Haram ṣe ń gba sójà lọ́wọ́ wa. Kò fèsì. Àwa ará Òṣogbo ló sì yẹ ká mọ̀ pé ohun tí o ti ṣe sẹ́yìn ló ń bá ọ halẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìlọrin kó ẹlẹ́ṣin dó ti ìlú yìí, Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ kó ogun Ìbàdàn wá, wọ́n sì fọ́ ibùdó náà. Ogun Ìlọrin ò kọjá ibí lọ sí ìsàlẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó dá gbèdéke fún wọn. Jammeh náà rántí pé ECOMOG ló lé àwọn sójà tó gbàjọba kúrò ní Freetown ní Sierra Leone lọ́dún 1998, tí Ààrẹ Kabbah fi padà sípò.

Tí o bá fẹ́ rí i pé ó ti yé àwọn ọ̀gá wa, wo Kútọnu. Lọ́jọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2025 táwọn sójà kan ní àwọn ti gbàjọba ní Benin, wọn ò tíì jókòó dáadáa, ìjọba ibẹ̀ ní ká gbà wọ́n, bàálù ogun wa sì ti wà lókè wọn lọ́jọ́ náà.