Kíndìnrín ń bàjẹ́, kò sì dunni: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ní mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Orúnkún tún ń yọ mí lẹ́nu, ojoojúmọ́ ni mo ń lo ibuprofen sí i. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé kíndìnrín mi ti ń bàjẹ́. Ẹ̀yìn kò dùn mí, mo sì ń tọ̀ dáadáa. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ má fi ti ìtọ̀ ṣe o. Kíndìnrín tó ti ń kú lọ ṣì lè máa tú omi jáde. Ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ ni kò ní lè kó dànù mọ́. Awọ tó bò ó lóde ló sì ń mọ ìrora, ẹran inú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Asẹ́ bíi mílíọ̀nù kan ló wà nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín tó lọ́ mọ́ra ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fipá gbá wọn lọ́dọọdún, ara wọn á le, wọ́n á di àpá. Èyí tó bá ti di àpá kì í tún hù. Àwọn tó kù á máa ṣe iṣẹ́ tiwọn mọ́ tirẹ̀, àṣejù yẹn á sì pa àwọn náà. Àtọ̀gbẹ ló tún burú ju ẹ̀jẹ̀ ríru lọ nínú ká ba asẹ́ jẹ́.

Ibuprofen ńkọ́? Èròjà kan wà nínú ara tó ń mú kí òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ asẹ́ là sílẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac, oògùn ìrora bíi tirẹ̀, ń dínà èròjà náà, òpó á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé á dín kù. Bí orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín bá parí sí “pril” tàbí “sartan”, tí ẹ tún ń lo oògùn amúnitọ̀, ewu rẹ̀ á tún pọ̀ sí i, pàápàá lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bì tàbí tí ẹ ń yàgbẹ́ gbuuru. Ibuprofen ni kí ẹ dá dúró, kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ bi dókítà léèrè oògùn mìíràn fún orúnkún.

Ẹ má gba àyẹ̀wò creatinine (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń kó dànù) nìkan: ó lè ṣì dára lójú nígbà tí iṣẹ́ kíndìnrín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù dé ìdajì. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò eGFR, ìyẹn ìwọ̀n bí asẹ́ kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, kí wọ́n sì wo albumin, èròjà protein inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jò sínú ìtọ̀. Bí eGFR bá wà nísàlẹ̀ 60 fún oṣù mẹ́ta, àìsàn ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè: Ṣé omi púpọ̀ lè fọ kíndìnrín?

Ìdáhùn: Omi kì í fọ àpá. Ẹni tí òkúta inú kíndìnrín ń dà láàmú ni omi púpọ̀ ń ṣe láǹfààní. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń wú, ẹ bi dókítà kí ẹ tó fi kún omi.