Ìwé Tuntun Dé sí Ilé-Ìkàwé, Ta Ni Ó Gbọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kan tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, a máa ń lẹ ìwé ìròyìn ilé-ìkàwé mọ́ pátákó tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, a sì máa ń ṣe ètò ní Àyájọ́ Ọjọ́ Ìwé Lágbàáyé. Ní ọdún yìí, a háyà àga, a pe ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, a pàtẹ ìwé sórí tábìlì, ṣùgbọ́n àwa òṣìṣẹ́ àti àwọn olùkọ́ díẹ̀ nìkan ni a jókòó níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa ní àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kò fẹ́ràn ìwé mọ́. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ, àbí ọ̀nà tí a ń gbà kéde ni kò tọ́? Mo fi ìwé ìròyìn wa méjì ránṣẹ́ kí ẹ lè bá wa yẹ̀ wọ́n wò. — Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, ìpínlẹ̀ Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú akitiyan. Èmi kò gbà pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ràn ìwé mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ ìwé ìwádìí àṣekágbá lọ́wọ́, tí olùkọ́ rẹ̀ sì ní kí ó lọ wá ìwé sí i kún èyí tí ó ti lò, kò nílò kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ kí ó tó wá sí ilé-ìkàwé. Ohun tí ó nílò ni kí ó mọ̀ pé ìwé tí òun ń wá kiri wà níbẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn méjèèjì tí ẹ fi ránṣẹ́, mo ka ìròyìn ìbẹ̀wò àwọn àlejò, mo ka ìkíni fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ó gba ìgbéga, mo sì rí àwòrán ọ̀gá àgbà níbi tí wọ́n ti ń gé rìbọ́ọ̀nù. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí orúkọ ìwé kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ìsọ̀ ni ẹ polówó, ẹ kò dárúkọ ọjà.

Ẹ̀yin náà mọ ìrìn tí ìwé tuntun ń rìn kí ó tó dé orí pẹpẹ. A ó lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, a ó tún lù ú sí ojú ewé àṣírí tí àwọn òṣìṣẹ́ nìkan mọ̀, a ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, a ó wá ìsọ̀rí rẹ̀, a ó sì lẹ nọ́ńbà ìsọ̀rí náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ kò bá tó, ìwé tí a fi owó TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń fi owó ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, rà lè wà nínú páálí fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó nílò rẹ̀ yóò sì ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Nítorí náà, ọjọ́ tí ìwé bá gun orí pẹpẹ ni kí ìròyìn rẹ̀ jáde. Ẹ má ṣe dúró de ìparí sáà, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń di ẹrù ilé.

Kí ìròyìn náà sì tó ohun tí ènìyàn lè mú rìn tààrà lọ sí ibi tí ìwé wà: orúkọ ìwé, ẹni tí ó kọ ọ́, ọdún tí a tẹ̀ ẹ́, ẹ̀kọ́ tí ó wúlò fún, àti nọ́ńbà rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ẹ má fojú kéré nọ́ńbà yìí. Bí ilé-ìkàwé yín bá ń lo ìlànà ìsọ̀rí Dewey, tí ó ń fi nọ́ńbà pín ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ wọn, tí ó sì ti wà láti ọdún 1876, ìwé lórí èdè Yorùbá wà ní 496.333, lítíréṣọ̀ Yorùbá sì wà ní 896.333. Pẹpẹ púpọ̀ ni ó wà láàárín méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá tí ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún yóò wá ìwé eré-onítàn títí láàárín àwọn ìwé gírámà, yóò sì padà lọ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ilé-ìkàwé yín kò ní nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ ìlànà Library of Congress, ti ilé-ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń lo lẹ́tà àti nọ́ńbà, ni ẹ ń lò, ọ̀rọ̀ náà rọrùn díẹ̀, nítorí pé abẹ́ lẹ́tà PL ni èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ti jọ wà, láti 8821 lọ.

Ní ti pátákó ẹnu ọ̀nà, ẹni tí ó ti wá sí ilé-ìkàwé tẹ́lẹ̀ nìkan ni ó ń kà á. Ẹ ya àwòrán èèpo ìwé àti nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣojú kíláàsì lórí WhatsApp, kí wọ́n sì bá yín pín in kiri. Ẹ má ya ojú ewé inú ìwé fún wọn, nítorí òfin àṣẹ-lórí-ìwé. Bí ìkéde bá jẹ mọ́ ẹ̀ka Yorùbá, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i dáadáa; ó ń dùn mí púpọ̀ láti rí ìkéde Yorùbá tí kò ní àmì ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ olùkọ́ Yorùbá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ètò. Láti ọdún 1995 ni àjọ UNESCO ti ya ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin sọ́tọ̀ fún ìwé, n kò sì ní kí ẹ pa á tì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó háyà àga, ẹ wo kàlẹ́ńdà kọ́lẹ́ẹ̀jì: ṣé ọjọ́ náà kò bọ́ sí ìgbà ìdánwò, tàbí ìgbà tí ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níta fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́? Ètò tí mo fẹ́ràn jù fún irú kọ́lẹ́ẹ̀jì yín ni wákàtí kan péré, ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìdánrawò náà, níbi tí ẹ ó ti kó ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sílébọ́ọ̀sì jáde, tí ẹ ó sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan múra ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn yóò wá, nítorí pé ẹni tí yóò dúró níwájú kíláàsì ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ kò ní fi í ṣeré.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ìpàtẹ ìwé, ìtàn Èkìtì ń bẹ nílẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni a tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì, tí Èkìtì Parapọ̀ ti ń bá Ìbàdàn jà láti ọdún 1877, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó. Ẹ pàtẹ àwọn ìwé ìtàn àti máàpù, kí olùkọ́ ìtàn kan sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí tábìlì ìyáwèé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpàtẹ náà gan-an. Ìpàtẹ tí a ti ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó wò ó, kí ó má fọwọ́ kàn án, ti lé e lọ.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni mí. Mo fi àwọn ìwé mi ta ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lọ́rẹ. Wọ́n ṣe ayẹyẹ, wọ́n ya fọ́tò, láti ìgbà náà n kò gbúròó ìwé kankan mọ́. Ṣé mo lè béèrè? — Tíṣà àgbà, Ìkọ̀lé-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ lè béèrè, bàbá, kì í sì í ṣe àrífín. Ẹ kọ lẹ́tà sí alákòóso ilé-ìkàwé, kì í ṣe sí ẹni tí ó ya fọ́tò pẹ̀lú yín, kí ẹ so àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ìwé náà mọ́ ọn, kí ẹ sì béèrè èyí tí ó ti wà lórí pẹpẹ. Ẹ mọ̀ pé ilé-ìkàwé ní ẹ̀tọ́ láti yan èyí tí ó bá ẹ̀kọ́ wọn mu. Kì í ṣe gbogbo ìwé tí a ta wọ́n lọ́rẹ ni wọn yóò tọ́jú. Àmọ́, ó yẹ kí wọ́n sọ èyí tí wọn kò gbà fún yín, kí ẹ lè rí i gbé fún ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó wà nítòsí yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ilé-ìkàwé lọ́rẹ lẹ́yìn yín, kí ó kọ́kọ́ fi orúkọ àwọn ìwé ránṣẹ́, kí wọ́n sì jọ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí a tó gbé páálí sínú ọkọ̀.