Ìrìnàjò kan náà, àlọ gùn, àbọ̀ kúrú: kí ló fà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá Tọ́pẹ́ fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún ní Delhi, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Dubai ni wọ́n ti máa pààrọ̀ bàálù. Tíkẹ́ẹ̀tì yìí ló ń kọ mí lóminú. Ní àlọ, aago 10 àárọ̀ ni wọ́n máa gbéra ní Dubai, aago 3 ọ̀sán ni wọ́n máa dé Delhi. Ní àbọ̀, wọ́n á kúrò ní Delhi ní aago 10 àárọ̀, wọ́n á sì dé Dubai ní aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 15. Ṣé ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ló ṣì í kọ ni? Orúnkún Bàbá kò gba ìjókòó pípẹ́. Ìyá Tọ́pẹ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ọlọ́run á fi àṣeyọrí sí i. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ sínú tíkẹ́ẹ̀tì, aago Delhi sì fi wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú ti Dubai. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú wákàtí 5 ti àlọ, ó ku mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ fi kún ti àbọ̀, ó di wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 45. Ọ̀nà kan náà ni, nǹkan bíi 2,200 kìlómítà.

Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì l'Adó, ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, torí bírò àti bébà ti tó láti fi ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 4 ni oòrùn ń lò lórí dígírì kan, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìlú ṣe jìnnà sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn lórí máàpù. Dubai wà ní dígírì 55 níhà ìlà-oòrùn, Delhi wà ní 77. Dígírì 22 ló wà láàárín wọn. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4, ìṣẹ́jú 88 ni. Ẹ ò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí kan ààbọ̀ géérégé! Bí aago 9 alẹ́ bá lù n'Ìkẹ́rẹ́, aago kan ààbọ̀ òru ti lù ní Delhi, nítorí náà ọ̀sán ni kí ẹ máa pe Bàbá.

Ìṣẹ́jú 15 tí àbọ̀ fi lé, afẹ́fẹ́ ló fà á. Lókè níbi tí bàálù ń gbà, atẹ́gùn líle máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, pàápàá lásìkò òtútù wọn. Ó ń ti bàálù lẹ́yìn ní àlọ, ó sì ń dojú kọ ọ́ ní àbọ̀. Bó bá jẹ́ bàálù ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n wọ̀, ó tún lè pẹ́ sí i, torí ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni Pakistan fòfin dè wọ́n pé wọn ò gbọdọ̀ fò kọjá lórí ilẹ̀ àwọn.

Àmọ́ èyí kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ máa ro fún orúnkún Bàbá. Èkó sí Dubai ni kí ẹ rò, ó ń lọ sí wákàtí 8, láìtíì ka ojú títì láti Ìkẹ́rẹ́ dé Èkó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n fún wọn ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí wọ́n lè máa dìde na ẹsẹ̀. Ẹ tètè béèrè wíìlíṣíà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bàálù náà ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, torí pápákọ̀ òfuurufú Dubai fẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí dókítà wọn sọ aago tí wọ́n á máa lò ó lọ́hùn-ún kí wọ́n tó kúrò nílé.